Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Irin Nínú Ilẹ̀

Àdùkẹ́ ń gbé ní Banikanni, ní ìlú Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Bí òjò bá rọ̀, bàtà á di pupa. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa á bo ewé igi.

Àdùkẹ́ ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Bàbá Kékeré. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Bàbá Kékeré ń ṣe. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó máa ń fi ẹ̀rọ kan wá ohun tó sọnù sínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà gùn bí ọ̀pá. Awo pẹlẹbẹ kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí irin bá wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ á dún: píì!

Ní ọjọ́ kan, òrùka fàdákà Ìyá Àgbà bọ́ sọnù lẹ́yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní òrùka náà nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Gbogbo ilé wá a, wọn kò rí i.

Bàbá Kékeré gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Píì! Ó gbẹ́lẹ̀, ìṣó ni. Píì! Ó gbẹ́lẹ̀, ìdérí ìgò ni. Píì! Píì! Ó gbẹ́lẹ̀, kò rí nǹkan kan, àfi erùpẹ̀ pupa.

"Bàbá Kékeré, kí ló dé tó fi ń dún lórí erùpẹ̀?" ni Àdùkẹ́ bèèrè.

"Irin wà nínú ilẹ̀ wa, ọmọ mi. Irin náà ti dípẹtà, òun ló sọ ilẹ̀ di pupa. Ẹ̀rọ mi yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ àti òrùka. Mo ti tọ́jú owó. Màá ra èyí tó dára jù ú lọ."

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Wáyà bàbà wà nínú awo ẹ̀rọ náà. Wọ́n ká a roboto bí òṣùká. Iná bátìrì ń gba inú wáyà yìí kọjá. Agbára kan tí ojú kò lè rí á jáde, á wọ inú ilẹ̀. Bí ó bá kan irin, irin á dá a lóhùn, ẹ̀rọ á sì dún. Òòfà kì í fa wúrà tàbí fàdákà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí lè rí wọn.

Ní ọdún 1881, wọ́n yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà. Alexander Graham Bell, tí a mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, fi irú ẹ̀rọ yìí wá ọta ìbọn náà lára rẹ̀. Kò rí i. Wọ́n ní irin tó wà nínú ibùsùn ààrẹ wà lára ohun tó da ẹ̀rọ náà láàmú.

Èwo ni ká rà?

Ọlọ́jà gbé ẹ̀rọ méjì sílẹ̀. Owó wọn dọ́gba. Èkíní ń dán, iná oríṣiríṣi sì ń tàn lára rẹ̀. Èkejì kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè mọ irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré, ẹ ra èyí tó ń dán!"

"A kì í fi ojú lásán ra ẹ̀rọ, Àdùkẹ́. Jẹ́ ká dán wọn wò."

Bàbá Kékeré ri ìṣó kan, ìdérí ìgò kan àti òrùka fàdákà ìyàwó rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pupa. Ẹ̀rọ tó ń dán ké lórí gbogbo rẹ̀. Ó ké lórí ilẹ̀ lásán pàápàá. Èkejì dákẹ́ lórí ilẹ̀ lásán. Ó dún wúyẹ́wúyẹ́ lórí ìṣó. Ó dún ketekete lórí òrùka. Ṣùgbọ́n ó dún ketekete lórí ìdérí ìgò náà.

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. "Kò sí ẹ̀rọ tí kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n èyí mọ ilẹ̀ Banikanni." Èyí ni ó rà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gbẹ́ ìdérí ìgò mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, píì! Òrùka ni!

Ìyá Àgbà fi ìró nù ún, ó fi bọ ìka. "O ṣé, ọmọ mi. Ohun rere kò ní bọ́ sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín, Màámi."

Inú Àdùkẹ́ dùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ wá wúrà nínú oko ẹ̀yìn ilé wa!"

"Rárá o. A kì í gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àyè. Bí a bá gbẹ́ ihò, a ó dí i, kí ẹnikẹ́ni má baà kó sínú rẹ̀. Irin tó dà bí ọta tàbí bọ́ǹbù, a kì í fọwọ́ kàn án. Bí a bá sì rí ohun àwọn baba ńlá wa, àgbà là ń fi hàn. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ilé-Ifẹ̀ rí àwọn orí tí wọ́n fi idẹ ṣe. Lónìí, gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n."

Ìbéèrè

1. Kí ló sọ ilẹ̀ Banikanni di pupa?
2. Kí ló wà nínú awo ẹ̀rọ náà?
3. Kí nìdí tí Bàbá Kékeré kò fi ra ẹ̀rọ tó ń dán?
4. Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe sí ihò tí a bá gbẹ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Mú òòfà kan. Fi kan ìṣó, ìdérí ìgò, ṣíbí àti igi. Èwo ni òòfà fà? Kọ orúkọ wọn sílẹ̀.