Géèjì Mẹ́ta Nínú Àpótí Àárín Ọkọ̀

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi ké pé omi ń tán nínú òun, tàbí pé ọ́ìlì kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Géèjì ni ẹnu rẹ̀. Bí géèjì bá dákẹ́, tàbí bí ó bá ń sọ ohun tí kò rí, ẹ́ńjìnì lè kú mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, owó ńlá yóò sì bá a lọ.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń fi géèjì tí kò bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ sínú àpótí àárín ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì. Ohun tí mo pè ní àpótí àárín ni gbogbo ibi tí ó wà láàrin ìjókòó méjèèjì, láti ìdí jíà títí dé ibi tí rédíò wà. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé géèjì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tí séńsọ̀ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnì, àti ibi tí ojú awakọ̀ ti lè rí i, ni ó sọ ọ́ di ohun èlò.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ó ń kọ irú nǹkan báyìí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ rewáyà ní Ìbàdàn ni mo ti máa ń lo ìsinmi mi. Èdè Yorùbá ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí a bá lè fi èdè yìí kọ́ ọmọṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìdí tí a kò fi ní lè fi kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa.

ỌKỌ̀ TÍ MO FI ṢE ÀPẸẸRẸ

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ lò ni Mazda MX-5 ti ìran àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ Mazda ti Hiroshima ní ilẹ̀ Japan ni ó ṣe é, ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ fi í han gbogbo ayé ní oṣù kejì ọdún 1989. Ìjókòó méjì péré ni ó ní, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì tí ó kọ́kọ́ bá a jáde sì jẹ́ lítà 1.6.

Géèjì márùn-ún ni ó wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ yìí: ti eré sísá, ti iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí, ti epo, ti ooru omi, àti ti agbára tí ọ́ìlì fi ń kọjá nínú ẹ́ńjìnì. Márùn-ún pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí omi bá ti gbóná dé ìwọ̀n tí ó yẹ, ọwọ́ géèjì ooru yóò dúró sí àárín, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí ooru náà bá ti pọ̀ jù gidigidi. Ti ọ́ìlì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, géèjì ọ́ìlì tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1995, súwíìṣì lásán ni wọ́n fi sí ìdí rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti ní agbára díẹ̀ báyìí, ọwọ́ géèjì yóò fò lọ sí àárín, yóò jókòó síbẹ̀, ìbáà pọ̀ ìbáà kéré. Ní ti iná bátìrì, kò sí géèjì kankan fún un.

Ìdí tí wọ́n sábà máa ń sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ géèjì tí ń lọ sókè sódò máa ń já awakọ̀ láyà láìnídìí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán gangan, tí omi ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú rẹdiétọ̀ rẹ̀, ṣé ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó ń wá ni, tàbí ìròyìn? Aluminíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe orí ẹ́ńjìnì yìí. Bí ooru bá pọ̀ jù, ó lè tẹ̀, gáásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ a sì jó. Kí géèjì ilé iṣẹ́ tó kúrò ní àárín, ọ̀rọ̀ lè ti bọ́ sórí.

ÈWO NI KÍ A FI KÚN UN?

Mẹ́ta tó: ooru omi, agbára ọ́ìlì, àti iná bátìrì. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 52. Oríṣi méjì ni géèjì ọ́ìlì. Nínú oríṣi kìíní, páìpù tín-ín-rín ni ó ń gbé ọ́ìlì gbígbóná wá sí ẹ̀yìn géèjì fúnra rẹ̀. Bí páìpù náà bá bẹ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ọ́ìlì yóò dà sí. Nínú oríṣi kejì, séńsọ̀ dúró sára ẹ́ńjìnì, wáyà nìkan ni ó wọlé. Èkejì yìí ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti rà.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Fífi géèjì sí àárín kì í ṣe ohun tuntun. Datsun 240Z tí ilé iṣẹ́ Nissan gbé jáde ní 1969 ní ojú mẹ́ta tí ó tò sí àárín dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì kọjú wọn sí awakọ̀. Ẹ kíyè sí kíkọjú sí yẹn. Àpótí àárín MX-5 wà nísàlẹ̀ ju ojú awakọ̀ lọ. Bí a bá to géèjì síbẹ̀ gbọọrọ, orókùn ni yóò máa wò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ orí wáyà bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ má wá a lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Inú búùtù ni bátìrì ọkọ̀ yìí wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú síkúrù àpótí náà, kí ẹ sì gbé e jáde.

Ẹ fi páálí gé àwòrán pátákó tí géèjì yóò jókòó sí. Ẹ gbé páálí náà sí àyè rẹ̀, kí ẹ jókòó bí ẹni tí ó fẹ́ wakọ̀, kí ẹ sì wo nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ṣé ojú yín dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ orí ba? Èkejì, ẹ ti jíà sí ipò kẹta àti ìkarùn-ún. Iwájú ni àwọn ipò méjèèjì wà, ìka ọwọ́ a sì máa fẹ́ gbá pátákó. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ jìn tó? Ojú géèjì ni ènìyàn máa ń wọ̀n, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ àti wáyà ìdí rẹ̀ ni ó ń gba àyè, páìpù atẹ́gùn sì wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a gbé díríìlì kí a tó ṣe èyí. Yóò ní, “Ìwọ, kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ ná. Pánù tí o bá ti gé, kò ṣeé rán.”

Nígbà tí páálí bá bá a mu, ẹ wá gbé àwòrán náà sórí pánù aluminíọ̀mù, kí ẹ lu ihò, kí ẹ sì fi fáìlì ra ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán.

SÉŃSỌ̀ ÀTI WÁYÀ

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Séńsọ̀ ooru gbọ́dọ̀ wà níbi tí omi ti ń ṣàn, ní apá ẹ́ńjìnì, kí omi tó kọjá tẹmosítáàtì. Séńsọ̀ tí omi kò bò, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọ̀n, géèjì yóò sì máa purọ́ nígbà tí a nílò òótọ́ jùlọ. Ní ti ọ́ìlì, ẹ má so séńsọ̀ wíwúwo kọ́ orí báràsì kékeré lára ẹ́ńjìnì. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì lè kán an, gbogbo ọ́ìlì a sì dà sílẹ̀. Ẹ fi hóòsì fà á lọ síbi tí a ti lè dè é mọ́ ara ọkọ̀. Bí séńsọ̀ náà bá jẹ́ oníwáyà kan, ara rẹ̀ ni ó fi ń rí ẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà bí a bá dè é mọ́ ibòmíràn, ẹ fún ara rẹ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnu ẹ́ńjìnì ni ó sì wà, ẹ má wé téépù bo gbogbo ẹnu rẹ̀.

Wáyà mẹ́rin ni ó sábà máa ń dé ẹ̀yìn géèjì: ti iná tí ń wá nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ti ẹ́ẹ̀tì, ti séńsọ̀, àti èyí tí ń tan ojú géèjì lálẹ́. Ẹ fi fíúsì kékeré sí ti iná. Níbi tí wáyà ti gba ara pánù kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ fi rọ́bà sí ẹnu ihò, kí pánù má baà gé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sún mọ́ páìpù sàlẹ́ǹsà.

KÍKA OJÚ GÉÈJÌ

Tẹmosítáàtì ọkọ̀ yìí ń ṣí ní nǹkan bí ìwọ̀n 88 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, bí omi bá ń wà láàrin 85 sí 100, àlàáfíà ni. Bátìrì tí ó kún yóò fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, àti 13.5 sí 14.5 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Fún ọ́ìlì, ìwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì sábà máa ń lò ni PSI 10 fún ìyípo 1000 ẹ́ńjìnì. Yóò ga bí ẹ́ńjìnì bá tutù, yóò sì wálẹ̀ bí ọ́ìlì bá gbóná. Èyí kì í ṣe àìsàn.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ sáré ìje ní ọgbọ́n kan. Wọ́n a yí géèjì nínú ihò rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi nà sókè gangan nígbà tí ohun gbogbo bá dára. Bí ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró ṣánṣán, kò sí pé à ń ka nọ́ńbà. Èyí tí ó bá tẹ̀ ni ó ń ké.

OHUN TÍ IṢẸ́ YÌÍ FI HÀN NÍPA ÈDÈ WA

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù: “Yọ bátìrì, tú pánẹ́ẹ̀lì, fa wáyà, so fíúsì.” Ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, àyálò sì ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, kò sí àyálò kankan nínú wọn. A yá orúkọ ohun èlò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń fi í ṣe jẹ́ tiwa. Òfin yìí kò dè pátápátá, nítorí a máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì ti nọ́kì, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ìyẹn. Síbẹ̀, àwọn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí aago ṣe ní ojú àti ọwọ́ lẹ́nu Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni géèjì ṣe ní i, a sì ń sọ pé ó ń purọ́. Ènìyàn ni a fi ṣe, nítorí pé ẹ̀rí ni ó ń jẹ́.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé géèjì mẹ́ta tí a fi sí àyè tí ó yẹ lè gba ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ikú òjijì, àti pé pátákó dídán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn bí séńsọ̀ rẹ̀ bá wà níbi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìmọ̀ báyìí ni ó wà lẹ́nu àwọn rewáyà, mẹkáníìkì àti pánẹ́ẹ̀lì bítà, tí a kò tíì kọ sílẹ̀ ní Yorùbá. Bí ọ̀gá kan bá kú, tirẹ̀ a bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú bírò àti ìwé lọ bá wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ.