Fáìlì Tó Wà Lọ́wọ́ Yàtọ̀ sí Fáìlì Àrokò

Bí antivirus bá parí àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà, ó sábà máa ń to orúkọ àwọn fáìlì kan sílẹ̀ pé òun kò rí wọn yẹ̀ wò. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ ní Yorùbá a máa sọ pé “fáìlì yìí kò lè yẹ̀ wò.” Gbólóhùn yẹn sọ fáìlì di aláyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò. “A kò lè yẹ fáìlì yìí wò” ló tọ́, tàbí “fáìlì yìí kò ṣeé yẹ̀ wò.” (Ẹ kíyè sí ohùn: yẹ̀ ń di yẹ níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí rà ṣe ń di ra nínú “ra iṣu.”) Ìyẹn rọrùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni ìdí tí àyẹ̀wò kò fi ṣeé ṣe, nítorí “títì” ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo pagefile.sys tó wà nínú Windows. Ibẹ̀ ni Windows ń kó ohun tí kò gba inú mẹ́mọ́rì sí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, Windows ti gbà á sọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí ètò mìíràn ṣí i. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí tipẹ́: fáìlì náà wà lọ́wọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé ó “tì” yóò máa wá password tí ẹnikẹ́ni kò fi sí i, tàbí kó tilẹ̀ fẹ́ pa á rẹ́. Fáìlì zip tí a fi password sí kò jọ èyí rárá. Kò sí ẹni tó dí antivirus lọ́nà. Ó lè ka fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ń kà ni kò nítumọ̀ lójú rẹ̀, nítorí password yẹn ni wọ́n fi da àkóónú rẹ̀ rú. Àrokò ló jọ: ẹni tí a fi ẹyọ àti ìyẹ́ rán lè kà wọ́n níye, kó rí bí wọ́n ti so wọ́n, kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Nínú zip pàápàá, antivirus sábà máa ń rí orúkọ àti ìwọ̀n àwọn fáìlì tó wà nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ “fáìlì àrokò” fún irú èyí. Ẹnìkan lè ní àrokò kì í ṣe àṣírí tó bẹ́ẹ̀, pé àgbà wo ni kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ mẹ́fà? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń yá lò ni pé ìmọ̀ ló ń ṣí i, kì í ṣe agbára.

Àtakò tó le jù ni pé ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò bèèrè ju ọ̀kan lọ: ṣé ewu wà àbí kò sí? Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìròyìn yìí kò dáhùn. Ní 2004, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Bagle ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ nínú zip tó ní password, ó sì ń kọ password náà sínú lẹ́tà kan náà, kí ẹni tó gbà á lè fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ẹni tó bá túmọ̀ “a kò lè yẹ̀ ẹ́ wò” sí “a kò rí nǹkan kan” ti bá Bagle ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì túmọ̀ rẹ̀ sí “fáìlì yìí léwu” ti ba ìwé àkáǹtì lórúkọ jẹ́, nítorí báńkì mìíràn a máa fi password sí èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.

“Kò lè” fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Zip kan wà tí wọ́n ń pè ní 42.zip: kílóbáìtì 42 péré ni, ṣùgbọ́n bí a bá tú u tán pátápátá, ó ń di pẹ́tábáìtì 4.5. Antivirus tó bá mọ̀ ọ́n kò ní tú u tán. Ó kọ̀ ni, kì í ṣe pé kò lè. Ní ti fáìlì àrokò, “a kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò” ni mo yàn, nítorí bí ẹni tó ni ín bá ti tẹ password tó sì tú u, antivirus tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ yóò lè ka ohun tó jáde níbẹ̀.