Lẹ́tà Kan Nínú Jíìnì Jẹjẹrẹ

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbọ́ ètò wa kọ̀wé sí mi. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe wọ́n, dókítà wá ní kí wọ́n ṣe sùúrù kí èsì jíìnì dé kí òun tó yan oògùn. (Jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì o, kì í ṣe ti inú ìgò.) Wọ́n ní: "Àbúrò, kí la tún ń dúró dè?"

Ẹ̀gbọ́n, ìtàn oògùn kan tó ń jẹ́ gefitinib ni ìdáhùn mi. Ọdún 2003 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Nínú aláìsàn mẹ́wàá tó lò ó níbẹ̀, bóyá ẹnì kan ni kókó ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ súnkì, ṣùgbọ́n ti ẹni yẹn lè súnkì débi tí ẹnu á ya dókítà. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Boston rí ìdí rẹ̀: jíìnì EGFR ti yí padà nínú kókó àwọn tí oògùn náà ṣiṣẹ́ fún.

Iṣẹ́ EGFR ni láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, "Ó yá, pín sí méjì." Tó bá sọ tán, ó yẹ kó dákẹ́. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, tí mo bá ṣi àmì kan ṣoṣo kọ, ètò lè máa yí lọ láìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyípadà tí wọ́n ń pè ní L858R: lẹ́tà T kan nínú DNA di G, EGFR ò dákẹ́ mọ́, ariwo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ sì fi ń gbèrú. Gefitinib ń dí i lẹ́nu. Níbi tí kò bá sí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí IPASS tó jáde ní 2009 fi hàn pé chemotherapy ṣe irú aláìsàn yẹn lóore ju gefitinib lọ. Ẹ ò rí i pé kéèyàn kàn kì í mọ́lẹ̀ léwu.

Jẹjẹrẹ náà gbọ́n, ká má parọ́. Tó bá yá, oògùn ò ní ràn án mọ́, àyípadà kejì, T790M, ló sì máa ń fà á lára nǹkan bí ìdajì wọn. Osimertinib lè borí ìyẹn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2015.

Wọ́n tún bi mí bóyá àwọn ọmọ wọn á jogún ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá o. Inú ẹ̀dọ̀fóró yẹn ni àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò bí i mọ́ wọn.

Tí èsì bá dé, ẹ̀gbọ́n, ẹ bi dókítà: "Àyípadà wo lẹ rí, oògùn wo ló sì wà fún un?"