Ẹ Ka Ara Táyà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọkọ̀ asáré kò pọ̀ ní Ọ̀tà tó bọ́ọ̀sì akérò àti tírélà, àmọ́ ó wà. Ẹ ó rí i níwájú báńkì, ẹ ó sì rí i lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń lọ òde ìyàwó: BMW tàbí Mercedes onílẹ̀kùn méjì, tó sún mọ́lẹ̀, tí rọ́bà tó yí rímù rẹ̀ ká kò sì nípọn. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà tí tírélà ń gbà láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, láti Sàngó dé Ìyànà Ìyẹ̀sí, títí lọ dé Àtàn àti Àgbárá, òun náà ni ọkọ̀ yìí ń gbà. Tírélà á gun kòtò kọjá láìbìkítà. Ọkọ̀ asáré á kó sí i, rímù á kan ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà á wú.

Nígbà tó bá di pé kí a pààrọ̀ táyà, gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń tà á fẹ́ràn: “Ẹ gbé e, ọ̀gá mi, kò sí ojú ọjọ́ tí kò bá mu.” Òótọ́ ni pé wọ́n kọ All Season sí ọ̀pọ̀ táyà lára. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ibo ni àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn?

Ní Yúróòpù àti apá òkè Amẹ́ríkà, yìnyín a máa bo títì nígbà òtútù. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù tó fi lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7°C, rọ́bà táyà ìgbà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kò sì ní lè di títì mú mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe táyà òtútù, tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Ní Jámánì, òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ lórí yìnyín láìní táyà tó yẹ fún un. Táyà gbogbo ojú ọjọ́ wà láàrin méjèèjì: ó ṣe díẹ̀ nínú ti ooru, ó ṣe díẹ̀ nínú ti òtútù, kò sì dáńtọ́ nínú èyíkéyìí.

Ọyẹ́ tó le jù lọ ní Ọ̀tà kò lè mú wa dé ìwọ̀n 7 yẹn. Ojú ọjọ́ tiwa ni òjò tó ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà títì, àti kòtò. (Ẹ jẹ́ kí n ka kòtò mọ́ ọn, torí òun ni kì í kúrò nílẹ̀ lọ́dún yípo.) Nítorí náà, táyà ìgbà ooru tó dára ló máa sin ọkọ̀ asáré wa jù. Bí ti gbogbo ojú ọjọ́ ni ẹ bá rí, tó sì jẹ́ tuntun, ẹ lè rà á. Ó sàn ju táyà ooru tó ti gbó lọ. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ rà ni ti òtútù, òun náà sì máa ń wà nínú táyà tòkunbọ̀. Ẹ wá àwòrán òkè onígongo mẹ́ta tí yìnyín wà láàrin rẹ̀. Àwọn táyà gbogbo ojú ọjọ́ kan náà ní àwòrán yìí. Ṣùgbọ́n bí ojú táyà bá tún kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tí a fi abẹ là, tí rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ èékánná, ti òtútù pọ́ńbélé ni. Ooru á jẹ ẹ́ tán kíákíá, ọkọ̀ á sì máa fì bí ẹ bá ń yí kọ́nà.

Ó kù kí a ka nọ́ḿbà. Ẹ da èyí kọ sínú ìwé yín: 225/45R17 91W.

225 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 45 kì í ṣe mìlímítà o. Ó ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 45 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 101. Rọ́bà yẹn nìkan ló wà láàrin rímù àti kòtò. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. 17 ni rímù, ní íǹṣì. 91 ni ti ẹrù: táyà kan lè gbé 615 kìlógíráàmù. W ni ti eré: 270 kìlómítà ní wákàtí kan. V jẹ́ 240, H jẹ́ 210. Kò sẹ́ni tó máa sá 270 ní Sàngó, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó gbìyànjú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ra èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré sí ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ sílẹ̀, nítorí táyà tó bá lè sáré ló lè fara da gbígbóná.

Ẹ wá fi 205/55R16 wé e. Ìdá 55 nínú 100 ti 205 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 113. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ga ju ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbé táyà méjèèjì dúró pẹ̀lú rímù wọn, ìyàtọ̀ gíga wọn kò pé mìlímítà mẹ́ta. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á láyè, tí rímù 16 kò sì ní ha bíréèkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ọkọ̀ náà lè má fani mọ́ra tó ti tẹ́lẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n owó rímù tó ń tẹ̀ á dín kù.

Ẹ wá lẹ́tà DOT lára táyà. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó parí rẹ̀ ni ọjọ́ orí táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà, nítorí náà ẹ yí táyà padà bí ẹ kò bá rí i. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ máa bá tiyín lọ. Àjọ SON, tó ń yẹ ọjà wò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé ọdún mẹ́rin ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Táyà tó ti lo ọdún mẹ́ta ní ilé ẹrù, kò tíì tẹ títì rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló kù fún un.

Nígbà kan, orílẹ̀-èdè wa náà ń ṣe táyà. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt. Iná mànàmáná tí kò dúró àti táyà olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun dà wọ́n láàmú; Michelin kógbá wọlé ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, inú kọ̀ńténà ni táyà ń gbà wá bá wa. Àwọn kan a máa ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí àyè lè gbà wọ́n, SON sì ti gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Wáyà inú táyà bẹ́ẹ̀ lè ti ṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ra etí rẹ̀, ibi tó ń wọ rímù: bó bá ti ká tàbí tó wọ́, ẹ gbé e padà. Ní ti táyà tòkunbọ̀, aṣọ́bodè ti kà á mọ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Lára táyà tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ó rí Traction àti Temperature pẹ̀lú lẹ́tà. Traction ni bó ṣe ń dúró lórí títì tí omi wà lójú rẹ̀: AA ló dára jù, A tẹ̀ lé e. Temperature ni ti ooru: A ni kí ẹ mú. Ìlà ojú táyà ló ń fa omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà bá ti jẹ tán, omi á gbé ọkọ̀ sókè, ìdarí kò ní gbọ́ràn mọ́. Táyà tuntun sábà máa ń ní nǹkan bí mìlímítà 8. Nínú ìlà náà, bùlọ́ọ̀kù rọ́bà kékeré kan wà. Bí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba, ó ku 1.6, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Lọ́dọ̀ fọ́kanáísà, ẹ dúró tì í. Bí ẹ bá rí Rotation àti ọfà, ibi tí táyà ń yí sí bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí táyà méjì péré ni agbára yín ká, ẹ̀yìn ni kí ẹ dè é sí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa bá yín jiyàn lórí èyí, wọ́n á ní iwájú ló ń darí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, ẹ lè rọra sinmi eré kí ó tún di ilẹ̀ mú. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po kí ẹ tó mọ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tí wọ́n kọ Max sí lára táyà, òpin rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òun ni kí ẹ fún un. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ní gééjì tiyín.

Ní ti ògbólógbòó tí wọ́n tú, ẹ má fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ní kí fọ́kanáísà fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan lè fọ̀ ọ́, kó fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ìlà tuntun sí i, kó fi ìpara dúdú kùn ún, kó sì gbé e padà sórí àtẹ.