BÍ A ṢE Ń TÚ ÀDÌÌTÚ INÚ CROSSWORD: ÌDÁHÙN NÌKAN KÒ TÓ



Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí àwọn àpótí kéékèèké dúdú àti funfun nínú ìwé ìròyìn èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní crossword. A ó ka gbólóhùn kan tàbí méjì lábẹ́ rẹ̀, a kò ní mọ orí, a kò ní mọ ìdí, a ó sì yára ṣí ojú ìwé sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ẹni tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni ó lè tú u. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni wọ́n fi ń hun ún, ẹni tí ó bá sì mọ òfin náà yóò tú u.

Ìdí tí a fi yàn án fún ẹ̀kọ́ oṣù yìí ni pé ó ń kọ́ni ní ohun tí ó ń dun àwa olùkọ́ jù lọ lára àwọn ọmọ ilé-ìwé wa: kí a ka gbólóhùn dé òpin, kí a bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan léèrè iṣẹ́ tí ó wá ṣe. Ọ̀pọ̀ ni ó ń kùnà nínú ìdánwò, kì í ṣe nítorí pé kò mọ̀wé, bí kò ṣe pé ó ti dáhùn kí ó tó ka ìbéèrè tán.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tí ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ gbé irú eré yìí jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù December, ọdún 1913. Ìtumọ̀ gbangba ni tirẹ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, tí ó di àdììtú. Edward Powys Mathers, tí ó ń lo orúkọ Torquemada, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú Observer ní ọdún 1926. The Times náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù February, ọdún 1930. Nígbà tí Torquemada kú ní 1939, olùkọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì kan, D. S. Macnutt, tí ó pe ara rẹ̀ ní Ximenes, gba ipò rẹ̀. Òun ni ó to òfin eré náà sínú ìwé ní ọdún 1966.

ÒFIN ÀKỌ́KỌ́

Nínú àlọ́ àpamọ̀ tiwa, bí a bá sọ̀rọ̀ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kan ilẹ̀ tí ó sì kan ọ̀run, ọmọdé yóò dáhùn pé òjò ni, nítorí pé ó ti gbọ́ ọ rí. Àdììtú crossword yàtọ̀: ó gbé ẹ̀rí ìdáhùn rẹ̀ dání. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni ìtumọ̀ gbangba, apá kejì ni eré tí a fi lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ ṣe. Ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ já sí ọjà kan náà. Ìtumọ̀ gbangba kì í sì í sábà wà láàrin. Ẹ wá a ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí gbólóhùn. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn ni iye lẹ́tà inú ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà márùn-ún yẹ̀ wò.

1. Lẹ́tà tí a dàrú. "Reformed cheater, one who gives lessons (7)". Ìtumọ̀ gbangba wà ní ìparí: ẹni tí ń kọ́ni. "Reformed" ni ọ̀rọ̀ atọ́nà. Ó ní kí a tún nǹkan kan tò. Kí ni kí a tún tò? "Cheater", lẹ́tà méje géérégé. Tún un tò, yóò di "teacher". Ọ̀rọ̀ yòówù tí ó bá jẹ mọ́ ìdàrú, àyípadà tàbí ìmutípara, bí "broken", "wild" tàbí "drunk", ni kí ẹ fura sí.

Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti kọ́ èdè Lárúbáwá. Al-Khalīl ọmọ Ahmad, ará Basra ní ọ̀rúndún kẹjọ, ti ń ṣe é nínú Kitāb al-ʿAyn. Yóò mú lẹ́tà mẹ́ta, yóò tò ó ní gbogbo ọ̀nà mẹ́fà tí ó lè tò, yóò sì sọ èyí tí àwọn Lárúbáwá ń lò àti èyí tí wọn kò lò. Ẹ mú ʿayn, lām àti mīm: ʿilm ni ìmọ̀, ʿamal ni iṣẹ́, lamʿ ni dídán. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Lẹ́tà mẹ́ta ń fún wa ní ọ̀nà 6, mẹ́rin ń fún wa ní 24, márùn-ún ń fún wa ní 120. Nítorí náà, ẹ má fi orí nìkan ṣe é; ẹ kọ àwọn lẹ́tà náà yí ká bí òrùka, kí ojú lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́.

2. Ọ̀rọ̀ tí ó fara pamọ́. "Writing fluid found in Ilorin, Kano (3)". Ẹni tí kò bá fura yóò máa ronú ọjà Kano. Ẹ wo ìparí Ilorin, kí ẹ so ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Kano: "ink", ìyẹn tàdáwà. "Found in" ni atọ́nà. Ẹ kíyè sí i pé àmì ìdánudúró àárín wọn kò dí wa lọ́wọ́. Wọ́n fi í síbẹ̀ láti tàn wá ni.

3. Ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀. "Vehicle with favourite floor covering (6)". Ojú yóò fẹ́ ka "favourite floor covering" pọ̀, bí ẹni pé ohun ìtẹ́lẹ̀ tí a fẹ́ràn ni. Ibẹ̀ gan-an ni kí a ti gé e. Ọkọ̀ ni "car", ààyò ni "pet". So wọ́n pọ̀, ó di "carpet", ohun tí a ń tẹ́ sílẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀ tí a yí padà. "Drawer turned back to find prize (6)". Ka "drawer" láti ẹ̀yìn wá, ìwọ yóò rí "reward", ẹ̀bùn.

5. Ìtumọ̀ méjì. "Fruit for a particular day (4)". Èso kan ń jẹ́ "date", ìyẹn dàbínù; ọjọ́ kan pàtó náà ń jẹ́ "date". Ó jọ ohun tí a ń pè ní tawriya nínú balāgha, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti ní ìtumọ̀ tí ó súnmọ́ àti èyí tí ó jìnnà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé nínú tawriya, èyí tí ó jìnnà ni a ní lọ́kàn. Níhìn-ín, méjèèjì ni a ń fẹ́.

ÀLÀYÉ NI Ẹ̀RÍ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Bí ẹnì kan bá kọ "lime" sí ìkarùn-ún, yóò ní: Ṣé kì í ṣe èso ni? Ṣé kò pé lẹ́tà mẹ́rin? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni "a particular day" wá ṣe níbẹ̀? Ìdáhùn tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìníṣẹ́ kì í ṣe ìdáhùn, bí ó tilẹ̀ wọ inú àpótí. Bákan náà ni ẹni tí ó bá mọ "carpet" lójijì, tí kò lè sọ ibi tí ó ti gbà dé ibẹ̀: ó ṣe oríire lónìí, kò ní mọ ọ̀nà lọ́la.

Nítorí náà, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún àdììtú kọ̀ọ̀kan: ìtumọ̀ gbangba, ọ̀rọ̀ atọ́nà, bí ó bá wà, lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ tí a lò, bí wọ́n ṣe di ìdáhùn. Bí ó bá ku ọ̀rọ̀ kan tí kò níṣẹ́, tí kì í ṣe ìdè lásán bí "with" tàbí "for", ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé ni. Ní oṣù January 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Daily Telegraph pe àwọn ènìyàn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n wá tú crossword kan láàrin ìṣẹ́jú 12. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé ìjọba fi dé ọ̀dọ̀ díẹ̀ nínú wọn, tí wọ́n sì bá ara wọn ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ ogun Jámánì. Ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú wọn, ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, tí al-Kindī ti kọ̀wé lórí bí a ṣe ń tú ìwé àṣírí: kí a ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, kí a fi wé lẹ́tà tí ó wọ́pọ̀ jù nínú èdè náà. Sùúrù àti kíka nǹkan fínnífínní ni irinṣẹ́ wọn.

Ó kan yín. Ẹ tú méjì yìí: "Stir tea to take food (3)" àti "Some of Abeokuta's kolanut work (4)". Ẹ má mú ìdáhùn lásán wá sí ìpàdé wa. Ẹ mú àlàyé wá. Ẹni tí ó bá mú ìdáhùn wá láìsí àlàyé, a ó ní kí ó lọ tún un kà.