Kíkọ́ Ọmọdé ní Ìdúródè

Ẹ̀yin òbí nínú Kristi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń ti ilé iṣẹ́ ní Àgbárá padà sí Ìgbẹsà pẹ̀lú àárẹ̀. Bí ọmọ ọdún méjì bá wá ju ara rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń ké nítorí bisikíìtì, ó rọrùn láti fi fún un kí ilé lè tòrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Amoris Laetitia ní ọdún 2016, Póòpù Francis kọ́ni pé kí a ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ̀ pé ó ní ohun tí a ń dúró dè. Kì í ṣe pé kí a fi nǹkan dù ú. Ẹ wí fún un ní pẹ̀lẹ́ pé, “Bí a bá jẹun tán.” Bí ẹ bá sì jẹun tán, ẹ fún un láìjẹ́ pé ó tún bèèrè. Kí ẹ sì sọ ọ́ fún ìyá àgbà tí ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí àánú pọ̀ lójú ìyá àgbà.