Ẹ̀kọ́: Àṣẹ Tí Ń Bá Ìdájọ́ Ìkọ̀sílẹ̀ Rìn

Ẹ̀kọ́ tòní kò dùn ún sọ láàrin ẹgbẹ́. A kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n arábìnrin wa kan gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, kò sí owó tí yóò san fún àwọn ọmọ mẹ́ta. Ó ní adájọ́ kò sọ nǹkan kan nípa owó. Kò sọ ọ́ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Títú ìgbéyàwó ká nìkan kọ́ ni iṣẹ́ adájọ́. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti ọdún 1970, tí a ṣì ń lò ní Nàìjíríà, fún Ilé Ẹjọ́ Gíga ní agbára mìíràn: owó ìtọ́jú wà ní abala 70, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ní 71, dúkìá ní 72. Abala 73 ni ó sọ ọ̀nà tí àṣẹ náà yóò gbà ṣẹ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀.

Adájọ́ lè ní kí ọkọ san owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí lóṣooṣù. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé yóò san án fún oṣù méjì kí ó sì dákẹ́, adájọ́ lè ní kí ó fi ohun ìní rẹ̀ dúró fún owó náà. Ó lè pàṣẹ pé kí ó fọwọ́ sí ìwé ilé tàbí ìwé ilẹ̀. Bí ó bá kọ̀, abala 74 gba ilé ẹjọ́ láàyè láti yan ẹni tí yóò fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn kan ṣe ń fi ìwé pamọ́, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ kò sì lè fi ebi dúró de adájọ́, nítorí náà ẹ lè béèrè owó ìtọ́jú nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ. Bí owó tí a dá kò bá tó mọ́, ẹ lè padà lọ bẹ̀bẹ̀ kí a yí i padà. Ọkọ náà lè padà lọ pẹ̀lú, pàápàá bí ìyàwó bá ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ìyá tí ó ń sọ pé, “Èmi ni wọ́n dá lẹ́bi, kí ni mo tún fẹ́ béèrè?” kí ó mọ̀ pé òfin kò tìtorí èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Adájọ́ yóò wo ohun tí oníkálukú ní, ohun tí ó lè rí lẹ́nu iṣẹ́, àti ìwà wọn. (Òfin náà kò sì sọ pé ọkọ nìkan ni yóò máa san án o!)

Ní ti àwọn ọmọ, ire tiwọn ni ó ṣíwájú. Adájọ́ lè dá ẹjọ́ dúró kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wò wọ́n wá. Ó tilẹ̀ lè fi wọ́n sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìgbéyàwó rẹ́jísìtírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, tí a sì fi ìwé ẹ̀rí lé tọkọtaya lọ́wọ́, ni gbogbo èyí wà fún. Ẹni tí ó jẹ́ ìdána nìkan ni wọ́n ṣe, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ni tirẹ̀. Àdúrà ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìdána kò sọ ọ́ di ti òfin. Ẹ lọ wo ìwé yín lónìí.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́, inú ìwé ìpẹ̀jọ́ ni kí lọ́yà ti kọ gbogbo ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ kó rìsíìtì ilé ìwé àti ti ilé kíkọ́ dání. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, máa ń ran obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́. Arábìnrin wa ti padà sọ́dọ̀ lọ́yà báyìí, ó ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ adájọ́ láti béèrè ohun tí kò béèrè nígbà náà.